Abẹ́rẹ́ Gìrì Aláboyún: Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ni

 

Àwọn kan nínú wa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ aboyún sínú ìwé ẹ̀ka wa. Wọ́n ní owó oṣù ni kí á bá àwọn agbanisíṣẹ́ jà lé lórí, kí á fi ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin àti àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹnu ọkùnrin ni a ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sí obìnrin kan tí ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwa náà bi wọ́n léèrè: owó oṣù tí à ń jà fún, ta ni ó ń bá wa ná an? Ta ni ó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kí awakọ̀ tó lè fi nǹkan sẹ́nu kí ó tó jáde? Àwọn obìnrin tí wọ́n ń dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ikùn wọn ti yọ síwájú, ṣé àwọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ni? Bí wọ́n ti ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù tiwa ni wọ́n ń yọ ọ́ lára tiwọn. Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú.

Nítorí náà, a ó sọ ọ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ó ń dá gìrì aláboyún dúró, tí kì í sì í sábà jẹ́ kí ó padà. Magnesium sulphate ni orúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ ní ayé, kò wọ́n, kò sì sí ilé iṣẹ́ kan tí ó lè sọ pé òun nìkan ni ó ni í. Síbẹ̀ àwọn aboyún ń kú ní ibi tí ó yẹ kí abẹ́rẹ́ yìí wà tí kò sí, tàbí ní ibi tí ó wà tí ẹ̀rù ń ba àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gún un. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní àmúwá Ọlọ́run. Àwa ń pè é ní àìka-ènìyàn-sí, irú èyí gan-an tí a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀.

Kí á kọ́kọ́ mọ àìsàn náà. Gìrì aláboyún yàtọ̀ sí wárápá, ó sì yàtọ̀ sí gìrì ọmọdé. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni ó ń bí i. Nígbà tí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tí ó dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tí wọ́n sì tún bá purotéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀, ewu ti ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀ràn náà ní í ṣe pẹ̀lú ibi ọmọ, ìdí nìyí tí kò fi lè tán pátápátá àfi bí ọmọ àti ibi ọmọ bá kúrò nínú ìyá. Orí yóò máa fọ́ obìnrin náà lọ́nà tí oògùn orí fífọ́ kò ràn, ojú rẹ̀ yóò máa ṣe bàìbàì, yóò máa dùn ún lókè ikùn lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ lè wú. Àwọn ìyá àgbà yóò ní ìbejì ni ó gbé. Àwọn mìíràn yóò ní òtútù ni ó wọ̀ ọ́ lára, tàbí pé ìrònú ọkọ ni ó pọ̀ jù fún un. (Ìrònú ọkọ lè pọ̀ lóòótọ́, àwa ọkùnrin mọ ara wa, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń fa gìrì.) Lójijì ni ara yóò gan, yóò di eyín pọ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò máa gbọ̀n, kò sì ní mọ ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó lè ṣẹlẹ̀ kí ó tó rọbí, ó lè ṣẹlẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti bímọ tán tí gbogbo ilé ti ń dáwọ̀ọ́ ìdùnnú, pàápàá láàrin ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

Nígbà tí ó bá sì dé, kí ni à ń ṣe? A ó fi ṣíbí la eyín rẹ̀. A ó máa bu omi sí i lójú. Àwọn kan yóò da àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́nà ọ̀fun bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọdé. A kò sọ èyí láti fi àwọn baba wa ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn níhìn-ín ni wọ́n yẹ àgbo ìtọ̀ màlúù wò ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, wọ́n sì rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń mú kí èémí rẹlẹ̀. Ẹni tí a rọ ọ́ fún lè kú ikú àgbo, kí á sì máa sọ ní ibi òkú pé gìrì ni ó pa á.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo oògùn tí à ń sọ. Iyọ̀ ni. Inú omi ilẹ̀ kan ní ìlú Epsom ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń rí i ní ohun tí ó lé ní 300 ọdún sẹ́yìn, èyí ni ó jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Epsom salt. Òun ni àwọn baba wa ń rà lọ́wọ́ kẹ́mísìtì láti fi fọ inú. Ó wà nínú Andrews Liver Salt pẹ̀lú, èyí tí awakọ̀ ń pò mu nígbà tí àmàlà bá kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí pé ó ti mu Andrews sọ pé òun mọ oògùn gìrì. Èyí tí à ń mu kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Inú ìfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dúró sí, tí ó ń fa omi mọ́ra, tí ó sì ń ti ìgbẹ́ jáde. Èyí tí ń bá gìrì jà ni èyí tí a ṣe ní mímọ́ fún abẹ́rẹ́, tí ó ń gba inú iṣan tàbí inú ẹran ìdí wọlé. Aboyún tí ó dákú, tí ẹnìkan wá ń rọ Epsom salt sí lẹ́nu, yóò fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró ni, yóò sì kú kí ọkọ̀ tó dé.

A ní láti kìlọ̀ fún ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ lórí èyí kan náà. Magnesium sulphate wà nínú àpò ńláńlá ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, àwọn àgbẹ̀ sì ń lò ó bí ajílẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n kọ sára àpò. Kò mọ́ tó ohun tí ènìyàn ń mu, a kò sì gbọdọ̀ bù ú lọ sílé láti fi fọ inú, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára kò gbọdọ̀ fi Epsom salt èyíkéyìí fọ inú láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Kíndìnrín ni ó ń kó iyọ̀ náà jáde kúrò nínú ara. Bí kò bá lè kó o jáde, yóò máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi di májèlé.

Àwọn tí wọ́n ń sọ pé òyìnbó fẹ́ fi àwọn ìyàwó wa dán oògùn wò, kí wọ́n fetí sílẹ̀. Ní ọdún 1955 ni dókítà Jack Pritchard ní Texas, ní Amẹ́ríkà, kọ ìlànà bí a ti ń lo abẹ́rẹ́ yìí fún gìrì aláboyún, orí àwọn obìnrin tiwọn ni wọ́n sì ti ń lò ó láti ìgbà náà. Ní ibòmíràn, àwọn dókítà ń lo diazepam tí a mọ̀ sí Valium, tàbí phenytoin, oníkálukú ń sọ pé tòun ni ó dára jù. Àríyànjiyàn náà parí ní ọdún 1995, nígbà tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tí ó lé ní 1,600. Nínú 100 tí wọ́n fún ní Valium, bí 28 ni gìrì tún padà mú. Nínú 100 tí wọ́n fún ní magnesium sulphate, 13 ni. Nígbà tí wọ́n fi í wé phenytoin, ó jẹ́ 17 sí 6. Ní ọdún 1996, àjọ ìlera àgbáyé WHO kọ ọ́ mọ́ àwọn oògùn tí orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ ṣe aláìní.

Ìwádìí mìíràn tẹ̀ lé e ní ọdún 2002, èyí tí wọ́n pè ní Magpie. Obìnrin 10,141 ní orílẹ̀-èdè 33 ni ó wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè náà. Gìrì kò tíì mú àwọn wọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní. Wọ́n fún ìdajì wọn ní magnesium sulphate, wọ́n fún ìdajì kejì ní ohun tí kì í ṣe oògùn. Gìrì mú 40 nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ó mú 96 nínú àwọn ti èkejì. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ẹni tí gìrì ti mú nìkan ni ó ń gbà là? Àti ẹni tí gìrì ń bọ̀ wá mú pẹ̀lú.

Bí Amẹ́ríkà bá jìnnà jù, ẹ jẹ́ kí á dé Kano. Láti ọdún 2008, wọ́n mú abẹ́rẹ́ yìí wọ ilé ìwòsàn ìjọba 10 ní ìpínlẹ̀ Kano, wọ́n sì kọ́ àwọn dókítà àti àwọn agbẹ̀bí bí a ti ń lò ó. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nínú 100 obìnrin tí gìrì aláboyún gbé dé ilé ìwòsàn, bí 21 ni ó ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀, ó dín sí bí 2. Nàìjíríà kan náà, iná mànàmáná tí ń ṣẹ́jú kan náà, owó oṣù nọ́ọ̀sì tí kò tó nǹkan kan náà. Ohun tí ó yí padà ni pé abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò sì wà nídìí rẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Wọ́n ń sọ ọ́ ní àwọn klínììkì kéékèèké pé magnesium sulphate ń pa ènìyàn, pé ó ń dá èémí dúró, nítorí náà àwọn kì í tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan ara yóò rọ̀, èémí yóò sì dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí bọ́ílà, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé bọ́ílà kì í pa ènìyàn? Ó ń pa á. Ṣé a ti ilé iṣẹ́ pa nítorí rẹ̀? A fi aago ìwọ̀n sí i lára, a fi ènìyàn tì í kí ó máa wo aago náà, a sì ṣe ojú ihò tí èéfín gbígbóná lè gbà jáde bí ó bá fẹ́ kọjá ààlà.

Abẹ́rẹ́ yìí ní aago ìwọ̀n tirẹ̀, mẹ́ta sì ni, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó ń béèrè iná mànàmáná. Nọ́ọ̀sì yóò fi òòlù kékeré kan eékún obìnrin náà: bí ẹsẹ̀ bá ta, ó dára. Yóò ka èémí rẹ̀: kò gbọdọ̀ dín ní 16 ní ìṣẹ́jú kan. Yóò wọn ìtọ̀ rẹ̀: kò gbọdọ̀ dín ní mìlílítà 100 ní wákàtí mẹ́rin. Ẹsẹ̀ kì í ta mọ́ kí ó tó di pé èémí wálẹ̀, nítorí náà ìkìlọ̀ ti dé kí ewu tó dé. Bí eékún kò bá dáhùn, wọn kò ní gún èyí tí ó kàn. Bí èémí bá sì wálẹ̀, wọ́n á ràn án lọ́wọ́ láti mí, wọ́n á sì gún un ní calcium gluconate gíráàmù 1 díẹ̀díẹ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Calcium gluconate yìí ni ó dà bí ìgò panápaná tí òfin ní kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Níbi tí magnesium sulphate bá wà, tí òun kò sí, iṣẹ́ ìdajì ni wọ́n ṣe. Nínú ìwádìí ti 2002 yẹn, obìnrin bí 24 nínú 100 ni ó sọ pé nǹkan kan ṣe àwọn, púpọ̀ jù lọ nínú wọn sì sọ pé ara àwọn gbóná wọ̀ọ̀ ni. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná wọ̀ọ̀ tí ó wà láàyè, ẹ jẹ́ kí á máa dúpẹ́.

Wọ́n tún ń lò ó fún àwọn ẹlòmíràn. Dókítà lè gún un fún ẹni tí ikọ́ fée rẹ̀ le tí oògùn mìíràn kò ràn, tàbí fún aboyún tí ó fẹ́ bímọ láìpé oṣù, láti dáàbò bo ọpọlọ ọmọ náà. Ìyẹn náà ní ààlà: ní ọdún 2013, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi í sára aboyún ju ọjọ́ 5 sí 7 lọ láti fi dá ìrọbí dúró, nítorí ó lè sọ egungun ọmọ inú di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Fún gìrì aláboyún, kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni gíráàmù 4 sínú iṣan díẹ̀díẹ̀, gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún, gíráàmù 5 sí ìdí òsì. Lẹ́yìn náà, gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, títí wákàtí 24 yóò fi pé lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn gìrì ìkẹyìn, èyí tí ó bá pẹ́ jù. Iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ ni o. A kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà tún sọ fún yín pé àdììtú ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí arákùnrin wa kan, awakọ̀, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ọgbẹ́ náà kò tíì jinná. Oyún àkọ́kọ́ ìyàwó rẹ̀ ti di oṣù mẹ́jọ. Orí fọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta, panadol ni wọ́n ń fún un. Ní òru ọjọ́ kẹrin ni gìrì dé. Ọkọ gbé e sínú mọ́tò tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ibi àkọ́kọ́ tí ó gbé e dé, owó ìdógò ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, ó sì fi ìwé ọkọ̀ sílẹ̀. Wọ́n gún ìyàwó rẹ̀ ní Valium, wọ́n ní èyí tí ó yẹ gan-an kò sí lọ́dọ̀ àwọn, kí ó máa gbé e lọ. Ní ibi kejì, wọ́n kọ orúkọ abẹ́rẹ́ sí pépà, wọ́n ní kí ó lọ rà á wá. Aago méjì òru! Ọkùnrin tí ó mọ gbogbo kòrọ̀ ìlú yìí ń sáré kiri pẹ̀lú pépà lọ́wọ́, ó ń gbá ilẹ̀kùn àwọn kẹ́mísìtì, àwọn ajá ń gbó o. Gìrì mú ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibi kẹta ni abẹ́rẹ́ wà, wọ́n sì gún un níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti tú sínú ọpọlọ. Ìyá kú, ọmọ kú. Abẹ́rẹ́ náà wà ní Ìbàdàn ní òru ọjọ́ náà, gbogbo ìmọ̀ tí ó yẹ wà ní Ìbàdàn. Àárín ibi tí ó wà àti ibi tí obìnrin náà wà ni wọ́n pa á sí.

Ta wá ni ó yẹ kí ó dáhùn? Ní ọdún 2012, Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí àwọn ohun èlò tí ń gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ là. Àwọn alága méjèèjì ni Goodluck Jonathan, tí í ṣe Ààrẹ wa nígbà náà, àti Jens Stoltenberg, olórí ìjọba Norway nígbà náà. Ohun èlò 13 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé gbogbo ayé gbọ́dọ̀ ní, magnesium sulphate sì wà lára wọn. Ààrẹ orílẹ̀-èdè wa jókòó sí orí àga, ó sọ fún ayé pé kí wọ́n ní i. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin ará. Kí ó tó di ìgbà náà, ní ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ti péjọ sí Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí pé 15 nínú gbogbo 100 náírà ìsúná ni àwọn yóò máa yà sọ́tọ̀ fún ìlera. Ìjọba àpapọ̀ tí ó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n ka ikú àwọn aboyún nínú ìwádìí NDHS ti ọdún 2018, 512 ni wọ́n bá nínú 100,000 ìbímọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti gìrì sì wà lára àwọn ohun tí ó ń pa wọ́n jù.

Ìdí kan tún wà tí wọn kì í fẹ́ sọ síta. Kò sí èrè ńlá nínú abẹ́rẹ́ yìí. Oògùn tuntun tí ó wọ́n ní àwọn aṣojú tí wọ́n ń wọ kóòtù, tí wọ́n ń pín kàlẹ́ńdà àti báírò fún àwọn dókítà. Iyọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, ta ni yóò pín kàlẹ́ńdà nítorí rẹ̀? Ohun tí ọjà kò bá lè ṣe, ìjọba ni ó yẹ kí ó ṣe é, bí ìjọba bá sì ń sùn, àwa ni kí á jí i.

Ẹ̀yin awakọ̀, apá tiyín rèé. Ẹni tí ó bá gbéra láti Challenge ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí ó gba Ring Road já sí Dùgbẹ̀, tí ó gba Mókọ́lá lọ sí UCH, ẹ mọ iye ìgbà tí yóò dúró. Gìrì lè mú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kọjá Dùgbẹ̀. Ìdí nìyí tí WHO fi sọ ní ọdún 2011 pé ilé ìlera tí kò bá lè ṣe gbogbo ìtọ́jú náà, kí ó gún ìwọ̀n àkọ́kọ́, kí ó sì fi aboyún ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ yẹn ni yóò bá a dé UCH tàbí Adéọyọ. Ní ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ó fi ìhà òsì dùbúlẹ̀, kí ẹnìkan wà lẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ní Gombe àti Adamawa, àwọn awakọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ NURTW pẹ̀lú àjọ Transaid ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ètò kan: wọ́n kọ́ awakọ̀ bí a ti ń gbé aboyún tí ó wà nínú ewu, owó epo ni awakọ̀ ń gbà, bí ó bá sì padà dé gáréèjì, kò ní tò sórí ìlà mọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ kó èrò. Ẹni tí ó dá irú ẹ̀san yẹn sílẹ̀ mọ ọkàn awakọ̀! Kí ni ó ń dí wa lọ́wọ́ láti ṣe irú rẹ̀ ní àwọn gáréèjì tiwa?

Ohun tí ẹ̀ka yìí ń béèrè lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ kò pọ̀. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, ní abala 54, fún obìnrin ní àyè láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù ó kéré tán, bí ó bá ti ṣiṣẹ́ tó oṣù 6. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ti lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 20. A fẹ́ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé aboyún yóò máa lọ sí klínììkì ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un láìyọ kọ́bọ̀ lára owó rẹ̀, kí fóòmánù má sì máa wò ó bí ẹni tí ó sá iṣẹ́. A fẹ́ kí yàrá ìtọ́jú ilé iṣẹ́ ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tí ó wà nínú páálí láti ọdún tí wọ́n ti rà á. Òfin adójútòfò ìlera tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn láti ní adójútòfò ìlera. Nítorí náà, kí wọ́n forúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀, títí kan àwọn tí wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ ojúmọ́. Bí ètò yẹn bá ti wà lára arákùnrin wa, kì bá má fi ìwé ọkọ̀ ṣe ìdógò.

A mọ̀ pé àwọn ọ̀gá yóò ní kò sí owó. Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ní ti ìjọba, a kò ní dúró de lẹ́tà. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, sítúwọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yóò mú ọmọ ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin, wọn yóò sì lọ sí ilé ìlera alábọ́dé tí ó wà ní àdúgbò tirẹ̀. Wọn yóò béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: ṣé magnesium sulphate wà nílẹ̀ lónìí, ọjọ́ wo ni yóò sì bàjẹ́? Ṣé calcium gluconate wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ta ni ó mọ̀ ọ́n gún, ṣé ó sì máa ń wà níbẹ̀ lóru? Kí wọ́n má bá àwọn nọ́ọ̀sì jà, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, àwọn náà kọ́ ni ó ń di owó oògùn mú. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí wọ́n sì mú un wá fún akọ̀wé kí oṣù tó parí. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá wà, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri gáréèjì àti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, kí gbogbo awakọ̀ lè mọ ibi tí yóò yà sí lóru. Ibi tí kò bá sí, a ó mú orúkọ rẹ̀ lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ni í.